Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀: ti Balógun, ti Yábàá, ti orí fóònù àbí ti télọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ l'Ékòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ṣé ó fẹ̀ tó? Ṣé ó máa fì bí èèyàn bá ń rìn? Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí àwọn tó ti rà á, tí wọ́n ti wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹ ò ní gbọ́ kí wọ́n ráhùn nípa fífẹ̀ ẹsẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé ó fún àwọn nídìí, pé bí àwọn bá jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, pé iwájú rẹ̀ wú síta, pé ó ń gbálẹ̀. Bí ẹ bá yọ gbígbálẹ̀ kúrò, òkè ṣòkòtò ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé ìbàdí àti ìdí ni kó ná owó lé. Ẹsẹ̀ tó gùn jù, ọbíọma á bá yín gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ṣòkòtò tó há níbi ìdí, bí kò bá sí aṣọ tó ṣẹ́kù nínú ojú rírán rẹ̀, ẹ̀bùn àbúrò ló dà yẹn.

Mẹ́rin ni mo fẹ́ fi wéra: palásò onírọ́bà, jíǹsì àlòkù, èyí tí wọ́n ń polówó lórí Instagram, àti èyí tí télọ̀ rán. Mi ò ní dárúkọ iye, torí iye tí mo bá kọ lónìí lè ti yí padà kí ẹ tó dé ọjà. Palásò ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Télọ̀ tó mọṣẹ́ ni tiẹ̀ ń wọ́n jù, bí ẹ bá ro owó aṣọ mọ́ owó iṣẹ́.

Palásò onírọ́bà

Ọjà Balógun kò ní ẹnu ọ̀nà kan tí èèyàn lè nàka sí. Títì kan ló ń já sí òmíràn káàkiri ibẹ̀ títí dé ìhà Ìdúmọ̀tà, palásò sì kún gbogbo rẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi sí ìbàdí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ náà máa ń fà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ẹni tó ń múra ìgbéyàwó lè wọ ẹyọ kan náà, kó sì gba àwọn méjèèjì. Kódà àwọn ìyá tí kì í fẹ́ rí ṣòkòtò lára ọmọbìnrin kì í fi bẹ́ẹ̀ bá palásò jà, torí bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dúró jẹ́ẹ́, síkẹ́ẹ̀tì ló jọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ẹsẹ̀ kan, kí ẹ sì gbé e sókè síbi tí oòrùn wà. Bí ẹ bá lè ka ìka yín láti ìta, á jẹ́ pé ẹ máa ra ìwọ̀tẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ẹ wo rọ́bà ìbàdí. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ rán mọ́ aṣọ gan-an, bó bá ti dẹ̀, ó parí. Èyí tí wọ́n kì bọ inú ihò, ẹ lè fa ògbólógbòó yọ kí ẹ sì ti tuntun bọ̀ ọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Àwọn tó ti wọ irú rẹ̀ pẹ́ máa ń sọ pé ibi tí itan ti ń ha itan kì í pẹ́ hu irun. Òótọ́ ni, pàápàá bí aṣọ náà bá jẹ́ oríṣi èyí tó máa ń fà gan-an.

Fún ilé, fún ìrìn àjò, fún oyún, ẹ rà á láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ọ́fíìsì, mi ò fọwọ́ sí i: rọ́bà tó ká jọ yí ìbàdí ká kì í jẹ́ kí búláòsì tí ẹ kì bọ inú rẹ̀ tẹ́jú, ibẹ̀ sì ni wíwú iwájú tí wọ́n ń ráhùn lé lórí ti ń wá.

Jíǹsì àlòkù

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ìjọba fòfin de kíkó aṣọ àlòkù wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ òkìríkà kò kúrò nílẹ̀ ní Yábàá, ní Kàtàngówà, àti ní Aswani n'Ísọlọ̀ tó jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà rẹ̀. Ohun tó ń gbé àwọn èèyàn débẹ̀ ni bí aṣọ náà ṣe nípọn. Jíǹsì tó nípọn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ fífẹ̀ sọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ láti ìdí. Èyí tó fẹ́lẹ́ á lẹ̀ mọ́ itan, fífẹ̀ tí ẹ tìtorí ẹ̀ rà á á sì wọmi.

Kò sí yàrá ìwọ̀wò nídìí àtẹ, ọrùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ ti rí i rí: oníbàárà á di bọ́tìnì ṣòkòtò, á mú igun ìbàdí rẹ̀ méjèèjì, á fi yí ọrùn ká. Bí igun méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn, ẹni tó ń tà á á pariwo pé, “Àǹtí, tiyín ni, ó gbà yín!” Fún ìbàdí, kò burú, torí wọ́n gbà pé ọrùn èèyàn sún mọ́ ìdajì ìbàdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn kò mọ nǹkan kan nípa ìdí. Obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì 30, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 44, ọrùn á sọ fún un pé ó gbà á, ilé ló ti máa mọ̀ pé ó há sí itan. Irú ara bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ láàárín wa ju èyí tí àwọn tó gé ṣòkòtò náà lókè òkun ní lọ́kàn lọ.

Téèpù kan nínú báàgì á gbà yín lọ́wọ́ èyí. Ẹ tẹ́ ṣòkòtò náà sílẹ̀, ẹ wọn ibi tí ìdí rẹ̀ ti fẹ̀ jù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí jíǹsì náà bá jẹ́ òwú pátápátá tí kò fà, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ rí fi nǹkan bí ínṣì 2 ju ìdí yín lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wọn iwájú rẹ̀, láti ibi tí ojú rírán mẹ́rin ti pàdé láàárín itan títí dé orí ìbàdí. Bó bá tó ínṣì 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa gun ìbàdí dáadáa. Bí kò bá tó 8, abẹ́ ìdodo lọ́hùn-ún ló máa jókòó sí, òun ló sì ń mú kí ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó. Ẹni tí kò ní téèpù lè mú ṣòkòtò kan tó bá a mu dáadáa wá láti ilé, kó tẹ́ ẹ lé e lórí.

Ẹ má gba nọ́ńbà ara rẹ̀ gbọ́ lọ títí. Nọ́ńbà 12 ti ìlú Ọba sún mọ́ 8 ti Amẹ́ríkà, bélì kan náà, ìyẹn ìdì òkìríkà kan, sì lè bí méjèèjì. 32 tí wọ́n kọ sí ìbàdí kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ínṣì 32. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà wúlò: lára àwọn tó ń bọ̀ láti ìlú Ọba, S ni ti ẹni kúkúrú, R ti ẹni tó wà láàárín, L ti ẹni gíga. Àwọn obìnrin gíga tó máa ń sọ pé gbogbo ṣòkòtò ń fi ọrùn ẹsẹ̀ àwọn sílẹ̀, L yẹn ni kí wọ́n máa wá. Àwọn tí kò ga ní tiwọn máa ń sọ pé jíǹsì yìí ń gbé àwọn mì. Mo rò pé ẹnu ẹsẹ̀ ló fà á: kí wọ́n mú èyí tí àyíká ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní nǹkan bí ínṣì 20 sí 22, kí wọ́n fi 28 sílẹ̀ fún àwọn gíga, kí ìbàdí rẹ̀ sì ga.

Kí ẹ tó kúrò nídìí àtẹ, ẹ na àárín itan rẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni jíǹsì ti kọ́kọ́ ń gbó. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ níbẹ̀, ẹ dá a padà, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó.

Ti orí fóònù

Èmi kì í rà á bí kò bá ṣe pé wọ́n fi ìwọ̀n ránṣẹ́. Wọ́n lè ti fi abẹ́rẹ́ pin ẹ̀yìn ṣòkòtò inú àwòrán kó lè bá ẹni tó wọ̀ ọ́ mu, ẹni náà sì sábà máa ń ga ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ẹ béèrè ìbàdí, ìdí, iwájú àti gígùn, gbogbo rẹ̀ ní ínṣì. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ fi 2.54 pín in. Ẹni tó bá fèsì pé “ó gba gbogbo ara” kò wọn nǹkan kan. Ẹ tọ́jú àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ pẹ̀lú, torí FCCPA, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ọjà tí wọ́n bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́ sójú ìwé wọn pé àwọn kì í dá owó padà.

Ti télọ̀

Télọ̀ nìkan ló lè fún ìbàdí 30 àti ìdí 44 ní ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé oníbàárà á gbé àwòrán ṣòkòtò kírépù lọ, á sì gbé ankárá kalẹ̀ fún un. Ankárá máa ń gan, kì í sọ̀ wálẹ̀ bíi ti kírépù. Bí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, àdìrẹ orí òwú tó fẹ́lẹ́ sàn jù. Línẹ́nì ló tutù jù nínú ooru Èkó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ pàdé lórí afárá Third Mainland, itan rẹ̀ á ti rún kí ẹ tó sọ̀ ní CMS.

Ankárá sábà máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ínṣì 45, nítorí náà ṣòkòtò kan tó fẹ̀ dáadáa máa gbà tó yáàdì 2 àbọ̀ sí 3; yáàdì 6 á mú méjì jáde. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ sá a gbẹ, kó tó dọ́wọ́ télọ̀, torí òwú máa ń sún kì lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó bá ń wọ̀n yín, ẹ má jẹ́ kó parí ìwọ̀n lórí ìdúró. Ẹ jókòó sórí àga líle, kó wọn ẹ̀gbẹ́ yín láti ìbàdí dé orí àga, kó fi nǹkan bí ààbọ̀ ínṣì sí ínṣì kan kún un. Ìwọ̀n kan yìí ló ń jẹ́ kí ṣòkòtò gba jíjókòó, mo sì ti rí télọ̀ tó mọṣẹ́ tí kì í wọ̀n ọ́ àfi bí oníbàárà bá béèrè.

Ẹ ní kó fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú rírán ẹ̀yìn, kó ṣeé tú bí ara bá fẹ̀ sí i. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́ wò. Bí ẹnu àpò bá ń la sílẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ bá dúró, ìdí ló há. Bí ìlà bá ń ti àárín itan tàn lọ sí itan méjèèjì níwájú, kò fi àyè tó sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn baba wa tó ń wọ kẹ̀ǹbẹ̀ ò ní wàhálà ìbàdí, okùn ni wọ́n fi ń so ó. Ẹ̀yin náà lè ní kó fi rọ́bà sí ẹ̀yìn nìkan, kí iwájú tẹ́jú. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń padà sí ẹsẹ̀ fífẹ̀ báyìí ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dára lára wọn. Kí ẹ má ṣáà gbé e fún un nígbà tí Iléyá tàbí Kérésì bá ti kan ilẹ̀kùn.

Gígùn rẹ̀

Gbígbálẹ̀ kò mọ èyí tí télọ̀ rán yàtọ̀ sí èyí tí ẹ rà. Nínú àwòrán, ẹnu ẹsẹ̀ ń kanlẹ̀, ó ń bo bàtà. L'Ékòó, ẹ máa gun dánfó, ẹ máa sọdá ọ̀gbàrá, ẹ sì máa wọ ilé ìyàgbẹ́ ọjà tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, kí ẹ máa fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ méjèèjì mú. Jíǹsì ló burú jù nínú òjò: ẹnu ẹsẹ̀ nìkan ló máa kan omi, omi náà á sì gùn ún dé agbede ojúgun. Ẹ jẹ́ kó fi nǹkan bí ínṣì kan gbéra nílẹ̀ pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa wọ̀ jù, kí ẹ sì wọ bàtà náà lọ síbi tí wọ́n ti máa gé e. Bó bá jẹ́ bàtà gíga ni ẹ fi wọ̀n ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ sálúbàtà ẹ máa mọ̀ ọ́n. Bó bá jẹ́ jíǹsì ni ẹ fẹ́ gé, ẹ sọ fún ọbíọma kó tó fi síṣọ́ọ̀sì kàn án pé kó má sọ etí rẹ̀ àtilẹ̀wá nù, kó gé aṣọ tó wà lókè rẹ̀, kó sì so etí náà padà mọ́ ọn.