Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ pààrọ̀ katakata kékeré yín

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní katakata kékeré lóko, tó wá ń gbèrò láti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó lágbára jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé kankan. Oníṣòwò kan wà tó ń polówó katakata tòkunbọ̀ pé òun ti tún un ṣe látòkè délẹ̀. Á ní kí ẹ gbé ti àtijọ́ yín wá, kí ẹ fowó lé e, kí ẹ sì wa òmíràn lọ sílé. Mo tẹ̀ lé aládùúgbò mi lọ wo ọ̀kan níbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Katakata náà ń dán gbinrin. Mítà rẹ̀ ní wákàtí 412 péré ló ti ṣiṣẹ́. Àmọ́ rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí bíréèkì ti jẹ tán, irin abẹ́ rẹ̀ ń kọ mànà bí owó ẹyọ. Wákàtí 412 kò lè jẹ rọ́bà tó bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo di apá lódà mú, ìyẹn apá iwájú tó ń kó ẹrù, mo mì ín: irin tó so ó pọ̀ ń jó nínú ihò, ihò tó yẹ kó rí roboto sì ti fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀dà wà lára rọ́bà háídírọ́líìkì, èyí tí ọ́ìlì tó ń gbé irinṣẹ́ sókè ń gbà kọjá, ó wà lára wáyà iná, kódà ó wà lórí gírísì tó ti gan mọ́ irin. Ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe lóòótọ́ á kọ́kọ́ fọ gírísì kúrò, á bo rọ́bà àti wáyà kó tó fọ́n ọ̀dà. Ẹni tó bá fọ́n ọ̀dà lé gbogbo rẹ̀ lórí, ojú wa ló fẹ́ bò.

Ẹ́ńjìnnì ti gbóná kí a tó dé. Oníṣòwò náà ní torí kó má baà dá wa dúró ni òun ṣe ṣíná sí i sílẹ̀. Ẹ má gba irú ọ̀rọ̀ yẹn! Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ti gbó máa ń ṣagídí nígbà tó bá tutù. Tí wọ́n bá ti mú un gbóná tán, àléébù rẹ̀ ti fara pamọ́. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé tútù lẹ fẹ́ bá a, kí ẹ sì fọwọ́ kan án kí wọ́n tó ṣíná sí i. Tí èéfín búlúù bá ń jáde láìdáwọ́ dúró, ọ́ìlì ló ń jó. Ẹ wo ọ́ìlì háídírọ́líìkì náà: tó bá ti funfun, omi ti wọ̀ ọ́.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti nọ́ńbà. Wọ́n ti yọ pátákó irin kékeré tí iléeṣẹ́ kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí. Ihò méjì tí wọ́n fi kàn án mọ́ ọn nìkan ló kù. Láìsí nọ́ńbà yẹn, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n jí i, tàbí bóyá gbèsè ẹlòmíì wà lórí rẹ̀? Páàtì wo lẹ sì máa sọ pé ẹ fẹ́ rà?

Ọ̀rọ̀ páàtì yìí kì í ṣe kékeré. Púpọ̀ nínú katakata Kubota, Yanmar àti Iseki kéékèèké tó jẹ́ tòkunbọ̀, ilẹ̀ Japan nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹ̀rọ tó lálòpẹ́ ni wọ́n, mi ò bú wọn. Irọ́ tí oníṣòwò ń pa ni pé wọn ò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà níbòmíì. Wọ́n yàtọ̀, páàtì wọn sì lè má bára mu. Ní 1997, àjọ tó ń rí sí òwò òkèèrè ní Amẹ́ríkà dí ọ̀nà mọ́ àwọn Kubota àlòkù kan bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì ti ìdájọ́ náà lẹ́yìn ní 1999, nítorí wọn kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí iléeṣẹ́ náà ń tà níbẹ̀. Ẹ yẹ PTO wò pẹ̀lú, ìyẹn irin ẹ̀yìn katakata tó ń yí láti mú irinṣẹ́ ṣiṣẹ́: ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata, ìyípo 540 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe é fún, àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sì sábà máa ń ní ju eré kan lọ.

Férémù ààbò ẹ̀yìn ìjókòó ńkọ́? Wẹ́ńdà kan ló jó o pọ̀, ojú ibi tó jó hàn kedere. Kí katakata yí dà lé awakọ̀ lórí wà lára ohun tó ń pa àgbẹ̀ jù. Irin tí ẹnikẹ́ni kò dán wò kò lè gba ẹ̀mí yín là.

Ibi tí oníṣòwò yìí ti ń mú èèyàn gan-an ni katakata àtijọ́. Á ní kí ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí òun lè dá owó lé e. Kí ẹ tó padà wá ṣàròyé, ó ti tà á. Nítorí náà, ẹ má fi ti yín sílẹ̀ títí ẹ ó fi so irinṣẹ́ yín mọ́ èyí tí ẹ fẹ́ rà, kó sì ṣiṣẹ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná dáadáa. Kí nọ́ńbà ẹ̀rọ àti iye wákàtí wà nínú rìsíìtì. Báńkì ni kí ẹ fi sanwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún un, ẹ ya fọ́tò ìpolówó rẹ̀ kó tó yọ ọ́ kúrò, ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àti ìwé owó, kí ẹ sì kó wọn lọ sí báńkì yín àti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lónìí. Ẹ má san kọ́bọ̀ kún un, kódà tó bá ní owó ìgbérù ló kù.