Béárìn Koyo fún Hilux àtijọ́: owó rẹ̀ kò ṣòfò, àfi tí wọ́n bá dè é nídèkudè

Hilux 4x4 tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005, èyí tó ní fíríhọ́ọ̀bù (ohun tí a fi ń so táyà iwájú mọ́ agbára ẹ́ńjìnnì tàbí já a) níwájú, kò tíì kúrò lójú ọ̀nà oko ní Ìjùmú, Yàgbà àti Kàbà. Iṣu ni lónìí, kaṣú ni lọ́la. Béárìn, òrùka irin tó ń jẹ́ kí táyà yí geere, méjì ló wà nínú táyà iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ńlá lápá inú, kékeré lápá òde, Koyo ti Japan sì ni a ń yẹ̀ wò níbí. Láti 1921 ni ilé iṣẹ́ náà ti wà. Ní 2006 ó parapọ̀ mọ́ òmíràn, wọ́n di JTEKT. Toyota fúnra rẹ̀ ń lo béárìn wọn.

Ojúlówó rẹ̀ dára, a kò jiyàn ìyẹn. Ẹ yí i létí: kò ní dún bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Àléébù kan tí a rí ni pé ọ́ìlì sìlì, rọ́bà tó ń sé gíríìsì mọ́nú, kì í sábà bá a wá nínú páálí, ẹni tó sì ti náwó lórí béárìn máa ń fẹ́ dá sìlì àtijọ́ padà. Ẹ má dán an wò.

Kí ẹ tó rà á, ẹ rí i dájú pé béárìn ló ń ké. Ọ̀nà Ọbájànà sí Kàbà tí wọ́n fi kọnkéré ṣe wúlò gan-an fún èyí. Bí ọkọ̀ bá kúrò lórí kọnkéré bọ́ sórí títì ọlọ́dà, ariwo táyà á yí padà. Ti béárìn kì í yí. Húúú ló ń ṣe, bí eré bá ṣe ń pọ̀ ni òun náà ń ròkè. Bí ẹ bá rọra tẹ sítíárì sí òsì tí ariwo le sí i, táyà ọ̀tún ni kí ẹ fura sí, torí ọ̀hún ni ẹrù wọ́ sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé e, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì ín. Bí ó bá ń yẹ̀, kí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bí yíyẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, béárìn ni. Bí kò bá dúró, kingpin tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì, oríkèé tí táyà fi ń yà, ló ti jẹ, Koyo mẹ́wàá kò sì lè tún un ṣe.

Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ara béárìn gan-an ni kí ẹ ti wo nọ́ńbà, ẹ fi páálí sílẹ̀. Òrùka òde ní nọ́ńbà tirẹ̀, apá inú tó gbé rólà (àwọn ọ̀pá irin kéékèèké tó ń yí) ní tirẹ̀. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú bẹntiróòlù nù ún. Bí lẹ́tà bá ń ṣí, ẹ dá a padà. Ẹ mú èyí tó ti bàjẹ́ dání lọ sí ìsọ̀, kí nọ́ńbà bá nọ́ńbà mu, torí “ti Hilux ni” kò tó. Béárìn tòkúnbọ̀ ńkọ́? Rárá o. Òrùka àti rólà ti jọ jẹra wọn tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ẹni tó so èyí mọ́ ìyẹn.

Nọ́ọ̀tì tó de béárìn mọ́lẹ̀, sókẹ́ẹ̀tì 54 mm ló ń gbà á. Mẹkáníìkì tí kò bá ní in á fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lù ú. Ojú nọ́ọ̀tì á fọ́, kò sì ní mọ bí ó ṣe le tó. Òrùka òde àtijọ́ gbọ́dọ̀ jáde, a kì í fi rólà tuntun sínú òrùka àlòkù. Ẹ lọ ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́ náà kó má baà há, kí ẹ fi í ti tuntun wọlé. Bí ó bá ti dé ìdí, ìró òòlù á yí padà, á dún bí irin alágbẹ̀dẹ.

Gíríìsì lítíọ́ọ̀mù nọ́ńbà 2 ni kí ẹ lò. Ìlàjì kílò á tó táyà méjèèjì, á tún ṣẹ́kù. A kì í fi pa béárìn lára bí ìpara. Ẹ bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi etí béárìn tó fẹ̀ ha á, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí gíríìsì á fi yọ láàárín rólà lójú kejì. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ tún ha á.

Ẹ de nọ́ọ̀tì dé 59 Nm (ìwọ̀n bí a ṣe fún un le tó, ṣípánà olóṣùwọ̀n ló ń fi hàn), ẹ yí họ́ọ̀bù, irin tí táyà so mọ́, lọ, ẹ yí i bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta kí rólà lè jókòó, ẹ wá tú u títí ọwọ́ lásán á fi lè yí i. Ẹ fún un díẹ̀. Ẹ so òṣùwọ̀n onísípíríǹgì mọ́ bóòtù táyà kan, ẹ fà á: bí họ́ọ̀bù bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí láàárín kílò 3 sí 5, ó tó. Ẹ wá fi wáṣà tuntun àti nọ́ọ̀tì kejì há a. Èyí tó le jù á gbóná títí irin á fi di búlúù. Èyí tó dẹ̀ jù á máa gbọ̀n, á sì jẹ sìlì. Bí ọkọ̀ bá ti rin nǹkan bíi 200 kìlómítà, ẹ tún mì ín wò.

Omi ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Họ́ọ̀bù tó gbóná tó já sódò lójijì ń fa omi wọlé níbi sìlì, gíríìsì á sì funfun bí ògì.

Ti iwájú Vigo 4x4, Hilux tó tẹ̀lé èyí, yàtọ̀: odidi kan ni, gíríìsì ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni wọ́n fi ń ki í, òòlù á bà á jẹ́.

Bí òrùka òde bá ń yí fúnra rẹ̀ nínú họ́ọ̀bù, àwọn mẹkáníìkì kan á fi pọ́ńṣì gún inú họ́ọ̀bù káàkiri kó lè há. Kò ní pẹ́ tí yóò tún fi dẹ̀. Họ́ọ̀bù ti jẹ, ẹ wá òmíràn. Ìyẹn nìkan ni tòkúnbọ̀ tí a gbà láàyè nínú iṣẹ́ yìí.