Humboldt Forum ní Berlin: ó gbìyànjú, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó

Tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Humboldt Forum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Berlin, ọkọ̀ ojú irin U5 ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sọ̀ ní ibùdókọ̀ Museumsinsel. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kì í ṣí. Nǹkan ilẹ̀ Áfíríkà àti ti Oceania (àwọn erékùṣù inú òkun Pàsífíìkì) wà ní àjà kejì, ti Éṣíà wà ní àjà kẹta.

Yàrá Benin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe dáadáa jù. Ní oṣù kẹjọ 2022, àwọn aláṣẹ buwọ́ lùwé pé Nàìjíríà ló ni nǹkan 512 tó wà lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló ṣì kù sí Berlin, ọdún 10 ni Nàìjíríà sì kọ́kọ́ yá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ní nǹkan wọ̀nyẹn. Wọn kò fi bò pé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló kó wọn láàfin Ọba Ovonramwen ní 1897. Ẹ sún mọ́ àwọn àwo idẹ dáadáa, kí ẹ wo igun wọn. Ihò ìṣó lẹ máa rí, torí ara òpó ààfin ni wọ́n kàn wọ́n mọ́ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀, wọ́n kó wọn pamọ́ sínú ààfin, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, kò sì sí ìwé tó sọ èyí tó tẹ̀ lé èkejì. Bí wọ́n ṣe tò wọ́n lónìí, ìtò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni, kì í ṣe ti Ọba.

Àwọn àpótí gíláàsì ńláńlá tó kù kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan pọ̀ nínú wọn, àlàyé kò tó. Àwọn tó kó wọn jọ kọ orúkọ ara wọn sílẹ̀, wọn ò bèèrè ta ló gbẹ́ ère. Àṣìṣe àtilẹ̀wá nìyẹn, ó sì ṣòro láti tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi Luf, tó wá láti erékùṣù kan ní Papua New Guinea, dùn mí. Ó gùn tó mítà 15, ó sì rẹwà lójú. Ní ìparí 1882 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1883, ọmọ ogun ojú omi Jámánì kọlu erékùṣù Luf, wọ́n pa èèyàn, wọ́n jó ilé àti ọkọ̀. Ní 1903, oníṣòwò Jámánì kan gba èyí tó kù yìí. Ní 2018, wọ́n gbé e gba ojú ihò tí wọ́n dá sí ara ògiri, wọ́n sì mọ ihò náà pa. Tí àwọn ará Luf bá ní kí wọ́n dá a padà lọ́la, àfi kí wọ́n wó ògiri. Irú ìpinnu yìí kò yẹ ilé tó ní òun fẹ́ yí padà.

Níta, ẹ gbójú sókè. Agbélébùú wà lórí òrùlé rìbìtì, ọ̀rọ̀ Bíbélì sì yí i ká pé kí gbogbo eékún kúnlẹ̀ ní orúkọ Jésù. Òótọ́ ni pé ìrísí ìta ààfin àwọn ọba Prussia, ìjọba kan ní Jámánì àtijọ́, ni wọ́n tún kọ́ sí ilé náà. Síbẹ̀, òrìṣà àwọn ẹlòmíì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tó bá débẹ̀, ẹ béèrè àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, ló kó wọn kúrò ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1910. Ti Benin nìkan ni ìwé tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022.