Hóró Fítámì C Tí Ń Hó Nínú Omi: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ó Kù Díẹ̀ Káàtó

Oṣù méjì gbáko ni mo fi lo hóró fítámì C kan tí ó máa ń hó bí a bá jù ú sínú omi, tí 1,000 mílígíráàmù sì wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ó ń yòrò kíákíá, kì í fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ ife, kíkan rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ní ti èyí, n kò ní ẹ̀sùn kankan.

Ohun tí wọ́n kọ sára ike ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń dènà ọ̀fìnkìn, bẹ́ẹ̀ ìwádìí fi hàn pé lílò ó lójoojúmọ́ kì í dá ọ̀fìnkìn dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àfi kí ó dín ọjọ́ rẹ̀ kù díẹ̀. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi kọ ascorbic acid, ìyẹn orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe fítámì C, sẹ́yìn, orúkọ yẹn gan-an ni ó sì sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú, nítorí inú orúkọ scurvy ni wọ́n ti fà á yọ, àrùn tí í mú kí èrìgì wú kí ó sì máa ṣẹ̀jẹ̀, tí ojú ọgbẹ́ tó ti jinná yóò tún là. Albert Szent-Györgyi, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Hungary, ti rí ásíìdì náà yọ ní 1928 láì mọ̀ pé òun ni fítámì tí gbogbo ayé ń wá, àfìgbà tí onímọ̀ mìíràn, Joseph Svirbely, dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìlú Szeged, ní Hungary, tí ó sì fi ásíìdì náà bọ́ àwọn guinea pig, ẹranko tí ara wọn kò lè ṣe fítámì yìí fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí tiwa. Àwọn tó rí i jẹ kò ní scurvy. Àwọn tí kò rí i jẹ ní in. Ní 1932, onímọ̀ mìíràn, Charles Glen King, náà kéde irú àbájáde bẹ́ẹ̀ ní Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà. Ata pupa tí Szeged lókìkí fún ni Szent-Györgyi wá ń rí i yọ nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, èyí tó dùn mọ́ mi ju gbogbo ìpolówó ara ike lọ.

Mílígíráàmù 10 péré lóòjọ́ tó láti lé scurvy jìnnà, nítorí náà ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú 1,000 yẹn ń bá jáde. Mo dán hóró mẹ́ta wò lọ́jọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru ni mo fi jẹ.

Ìdérí ike náà kò tún mọ́ ọn pinpin. Hóró mẹ́rin tó kù nísàlẹ̀ ti ní àmì ràkọ̀ràkọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, nítorí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ń ba ásíìdì yìí jẹ́. Bí wọ́n bá ṣe oní-100 mílígíráàmù, tí wọ́n sì tún ìdérí náà ṣe, èmi yóò tún rà á.