Ìsọ̀ ìwé ìròyìn kan ní Tákíé: àríyànjiyàn dùn níbẹ̀, ìròyìn òru ló ń pẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ nígbà tí Trump àti Putin bá pàdé, kó yà sí ìsọ̀ oníwèé ìròyìn tó wà létí títì ní Tákíé. Tábìlì kan, agboòrùn ńlá kan, okùn tí wọ́n fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ìwé sí, òkúta lórí èyí tó kù kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ọ̀fẹ́ ni kéèyàn dúró ka iwájú ìwé. Tó bá fẹ́ ṣí inú rẹ̀, á san ₦100, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sì dá a padà láì ká a létí.

Àléébù ibẹ̀ ò ju ti aago lọ. Òru ni wọ́n ń tẹ ìwé tí mọ́tò ń já sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wo ìpàdé Trump àti Putin lórí ogun Ukraine ní Alaska, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2025: wákàtí 9 la fi ṣáájú wọn. Aago 8 alẹ́ ti kọjá lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa ní Anchorage. Ìgbà tí wọ́n fi jáde sí àwọn oníròyìn, aago 12 òru ti dé. Ìwé tó ti wọ ẹ̀rọ ṣáájú ìgbà yẹn, ìbọwọ́ nìkan ló lè gbé. Ẹni tó kà á á ní àlàáfíà ti dé, ẹni tó gbọ́ lórí fóònù á ní wọn ò fẹnu kò síbì kan, wọn ò tiẹ̀ gba ìbéèrè. Ariwo á bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ti Trump àti Kim, olórí Àríwá Kòríà, ní Singapore, ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2018: aago 9 àárọ̀ wọn, aago 2 òru tiwa. Ìwé ọjọ́ kejì ló gbé e.

Àríyànjiyàn gan-an ni wọ́n ti gba máàkì. "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Zelensky, ààrẹ Ukraine, dà?" Ìbéèrè yẹn kì í jìnnà síbẹ̀, ó sì máa ń pa àwọn ọmọlẹ́yìn Putin lẹ́nu mọ́ fúngbà díẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá, ẹni tó ní bọ́ǹbù ló ń bá oníbọ́ǹbù sọ̀rọ̀," bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ kan á ṣe fèsì. Oníbúrẹ́dì ní tiẹ̀ á béèrè bóyá ìyẹ̀fun á wálẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ń ra àlìkámà lọ́dọ̀ Rọ́ṣíà, ìbéèrè rẹ̀ gan-an ló nítumọ̀ jù.

Bí wọ́n ṣe ká ìwé sórí okùn, ìdajì òkè nìkan lèèyàn ń rí, àkọlé gàdàgbà sì lè tanni jẹ. Inú lọ́hùn-ún ni "wọn ò fọwọ́ sí nǹkan kan" máa ń wà. ₦100 yẹn ò ṣòfò. Tí òjò bá rọ̀, ọ̀rá tí wọ́n ń dà bò ó kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan kà.

Aago 8 sí 9 ló dáa jù. Ẹ mú owó tó ṣe rẹ́gí dání; oníwèé kì í ní ṣéńjì láàárọ̀.