Merzouga tàbí M'hamid: ibo ni kí tọkọtaya gbà wọ aṣálẹ̀ Mòrókò?

Láti Marrakech, òkè Atlas kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń gùn: Tizi n'Tichka, tó ga ní mítà 2,260. Kọ́nà ibẹ̀ kò lóǹkà. Ẹni tí èébì máa ń gbé nínú mọ́tò, iwájú ni kó jókòó sí. Ìlú Ouarzazate ni ọ̀nà ti pínyà.

Ẹni tó yà sí Merzouga máa rìn tó kìlómítà 560 lápapọ̀. Ọ̀dà ni títí dé ẹsẹ̀ òkìtì iyanrìn Erg Chebbi, ọkọ̀ kékeré lásán ti tó. Ìyẹn gan-an ló ń kó èrò débẹ̀, ràkúnmí tò lọ rẹrẹ. Ṣùgbọ́n ọjà Rissani, ìlú tó wà nítòsí Merzouga, nìkan tó èèyàn í torí rẹ̀ lọ! Ọjọ́ Àìkú, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ná an. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ rẹpẹtẹ, èso déètì lókìtì lókìtì, àti medfouna, búrẹ́dì gbígbóná tí wọ́n há ẹran àti àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ìlú Sijilmasa àtijọ́ wà, níbi tí wúrà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ń wọlé.

M'hamid wà ní gúúsù, lẹ́yìn Zagora àti igbó ọ̀pẹ déètì odò Draa. Ibẹ̀ ni ọ̀dà parí sí. Ẹni tó bá fẹ́ dé òkìtì iyanrìn Erg Chigaga gbọ́dọ̀ háyà jíìpù àti awakọ̀ tó mọ̀nà. Owó gidi ni. Àmọ́ èrò kì í pọ̀ níbẹ̀.

Tọkọtaya tó ń ṣọ́wó ná, Merzouga ni. Tọkọtaya tuntun tó fẹ́ dá wà, kí wọ́n forí lé M'hamid, kì í ṣe nínú oṣù keje tàbí ìkẹjọ tí ooru máa ń mú gan-an ṣá o.