Land Cruiser 80, Defender 300Tdi àti Cherokee XJ: èwo nínú jíìpù àgbà mẹ́ta yìí la lè máa wà lójoojúmọ́?

"Èwo ló lágbára jù?" Ìbéèrè tí ẹni tó bá fẹ́ ra jíìpù àtijọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, èmi kì í sì í dá a lóhùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fẹ́ fi wéra níbí, Land Cruiser ti Toyota, Defender ti Land Rover (300Tdi ni orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀) àti Cherokee ti Jeep, ló lè la ẹrẹ̀ já, tó sì lè gun òkè olókùúta. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ máa fi jíìpù lọ síbi iṣẹ́, tó fẹ́ máa fi já àwọn ọmọ sílé ìwé, ó lè ṣe ọdún kan gbáko kó má fojú kan òkè olókùúta. Ohun tó máa bá pàdé ni kó ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀ kùtù, kó há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nígbà tí oòrùn bá mú, kó tẹ bírékì lójijì nínú òjò, kó sì máa rin ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì ò ní tíì gbóná dáadáa kó tó tún pa á. Irú ìrìn yìí máa ń yára pa ọkọ̀ àgbà ju ìgbẹ́ lọ.

Ìbéèrè tèmi ni pé: èwo ló máa ń kìlọ̀ kó tó daṣẹ́ sílẹ̀? Gbogbo ọkọ̀ tó ti lé lọ́mọ ọdún 25 ló máa bàjẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èyí tó bá ń ké ṣáájú, èèyàn lè bá a gbé. Èyí tó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí ó fi kú sáàárín títì, òun ló ń sọni di ẹni tó ń fi gbogbo ìgbà pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

| | Land Cruiser 80 | Defender 110, 300Tdi | Cherokee XJ, 4.0 |
|---|---|---|---|
| Ọdún tó fi jáde | 1990–1997 (ẹ́ńjìnnì 4.5: láti 1992) | 1994–1998 | 1984–2001 (ẹ́ńjìnnì 4.0: láti 1987) |
| Ẹ́ńjìnnì | bẹntiróòlù, lítà 4.5 | dísù, lítà 2.5 | bẹntiróòlù, lítà 4.0 |
| Agbára ẹṣin | 212 | 111 | 190 (láti 1991) |
| Epo ní kìlómítà 100 | bíi lítà 16–20 | bíi lítà 10–12 | bíi lítà 13–16 |
| Ohun tó ń yí táímìn (tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lásìkò) | ṣéènì | bẹ́lìtì | ṣéènì |

Epo ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ká ní ẹ ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Kìlómítà 200 nìyẹn. Land Cruiser tó ń mu lítà 18 máa gba lítà 36 lọ́sẹ̀, Cherokee tó ń mu 14 máa gba 28, Defender tó ń mu 11 máa gba 22. Tí gosilóò bá wọ̀ ọ́, ẹ tún fi díẹ̀ lé ti àwọn méjèèjì tó ń mu bẹntiróòlù. Tí ìṣirò yìí bá ti ń ká yín lára báyìí, ẹ má wulẹ̀ lọ wo Land Cruiser rárá, torí tí ẹ bá jókòó sínú rẹ̀ tán, ọkàn yín ò ní gbà kí ẹ padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Land Cruiser 80: asọ̀rọ̀púpọ̀ tó ní àṣírí kan

Ọkọ̀ yìí wúwo, bíi kìlógíráàmù 2,200 kí èèyàn tó wọlé sínú rẹ̀, irin gbọọrọ kan ló sì so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, níwájú àti lẹ́yìn. Ó máa ń rọra mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ ojú omi, kì í sì í fẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú kó o wọ kọ́nà. Àmọ́ ìjókòó rẹ̀ ga, inú rẹ̀ fẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń dún "gbì" tí wọ́n bá tì í, ọ̀nà jíjìn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ ẹni tó bá ń wà á.

Tó bá ń ṣàìsàn, ó máa ń sọ. Ẹ wá ibi tó gbòòrò, ẹ yí síárìn dé òpin, kí ẹ rọra máa lọ yípo. Tí ẹ bá gbọ́ "tá-tá-tá" níbi táyà iwájú, oríkèé irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà yẹn ti jẹ. Kò ní já lónìí, ó ṣeé ṣe kó má já lóṣù yìí, ẹ ṣì ráyè. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn táyà iwájú kan náà. Ẹ máa rí irin róbótó ńlá kan tó jọ bọ́ọ̀lù. Tí gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ bá bò ó, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tó bá jẹ́ ohun dúdú tó ki tó sì tún ń ṣàn ló ń kán lára rẹ̀ dé inú rímù, ọ́ìlì gíà ti ráyè wọ inú gírísì, séèlì inú ti lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, torí wọ́n máa tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣáà ti sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ìgbóná ni kì í sọ. Bí wọ́n ṣe ṣe abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná hàn nínú ọkọ̀ yìí, á dúró sáàárín gbungbun bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó bá fi máa gbéra, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ẹ wá fi ti rọ́bà kékeré kan kún un, èyí tó ń gbé omi gbígbóná lọ síbi hítà, tó fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú ò tó. Tó bá gbó tó sì là, omi á ṣófo, tọ́ọ̀pù gáásíkẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ lé e. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lítà 4.5 yìí, tí wọ́n ń pè ní 1FZ-FE, apá ẹ̀yìn níbi sìlíńdà kẹfà ló ti sábà máa ń lọ. Ẹni tó bá ra 80, kó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà omi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kó sì fi mítà ìgbóná mìíràn tó ń sọ òótọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì dísù 1HD-T. Bẹ́lìtì ló ń yí táímìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n iná kékeré kan tí wọ́n kọ T-BELT sí máa ń tàn nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tí ọkọ̀ bá ti rin kìlómítà 100,000. Mo fẹ́ràn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ẹ ṣáà rí i dájú pé ẹni tó fẹ́ tà á ò kàn pa iná yẹn láìpààrọ̀ bẹ́lìtì.

Defender 300Tdi: ohun tí kò tó nǹkan ló ń pariwo lé lórí

Ọ́ìlì máa ń jò lára rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ní in ló mọ̀, wọ́n sì máa ń fi ṣàwàdà pé ọjọ́ tí kò bá jò mọ́, ọ́ìlì ti tán nínú ẹ̀ nìyẹn. Òjò máa ń gba etí ilẹ̀kùn wọlé. Ìgbọ̀nwọ́ awakọ̀ máa ń ha mọ́ ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá ti ré kọjá kìlómítà 90 ní wákàtí kan, ariwo ẹ́ńjìnnì, ti gíà àti ti afẹ́fẹ́ á jùmọ̀ gba ẹnu ẹni tó jókòó tì yín. Agbára ẹṣin 111 ló fi ń wọ́ bíi tọ́ọ̀nù méjì, ẹ má retí pé ẹ máa sáré ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò sì sí Defender àtijọ́ kankan, títí tí wọ́n fi ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Solihull, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kìíní 2016, tó ní ẹ́ábáàgì. Ẹni tó máa fi gbé ọmọ lójoojúmọ́, kó ro ìyẹn dáadáa. Lójú tèmi, òun nìkan tó ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ wá òmíràn.

Ohun méjì tó lè pa á, kò ní sọ wọ́n. Táímìn bẹ́lìtì ni èkíní. Nínú àwọn 300Tdi tó kọ́kọ́ jáde, ipa tí bẹ́lìtì ń tọ̀ kò gún, ó máa ń jẹ etí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi já. Tó bá já lórí ìrìn, inú ẹ́ńjìnnì á bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìhò kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìdérí bẹ́lìtì náà, èyí tí wọ́n máa ń dí tí ọkọ̀ bá fẹ́ la odò kọjá. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Tí ẹ bá rí eruku dúdú rọ́bà tàbí fọ́nrán bí òwú, bẹ́lìtì ti ń jẹ nìyẹn. Tí ẹni tó ń tà á ò bá sì ní ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Ṣáásì ni èkejì. Alumíníọ́mù ni èyí tó pọ̀ jù nínú ara Defender, irin sì ni ṣáásì tó gbé e. Òkè á máa dán, ìsàlẹ̀ á ti jẹrà. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa kan ṣáásì náà jẹ́jẹ́ láti iwájú lọ sẹ́yìn, pàápàá irin tó dábùú lẹ́yìn pátápátá. Ibi tó bá ṣì yè á dún gbọnran. Ibi tó ti jẹrà á dún "pò" bí ìgbà tí wọ́n kan páálí, nígbà mìíràn òòlù á tilẹ̀ wọlé lọ. Ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà máa ń kọ mí lóminú ju irin tó dógùn-ún lójú mi lọ.

Cherokee XJ: èyí tó fi ìwà jọ káà jù

Kò ní ṣáásì ọ̀tọ̀. Ara rẹ̀ ni ṣáásì rẹ̀, bíi ti káà kéékèèké. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́, bíi kìlógíráàmù 1,500 péré, tí agbára ẹṣin 190 tó wà nínú àwọn tó jáde láti 1991 fi ń gbé e fẹ́rẹ́. Ó rọrùn láti páàkì. Gíà ọ́tò AW4 rẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò.

Fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ gba àlàyé. Nínú Defender àti Land Cruiser 1FZ-FE, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sábà máa ń gba agbára nígbà gbogbo, èyí sì dáa nínú òjò. Ti Cherokee pín sí méjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Command-Trac, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀-wíìlì rẹ̀ rìn lórí títì ọlọ́dà tó gbẹ, torí ọwọ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn á máa fa ara wọn nígbà tí ẹ bá ń yí kọ́nà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Selec-Trac ní ipò kan tí ẹ lè máa lò lórí títì èyíkéyìí. Tí òjò bá pọ̀ níbi tí ẹ ń gbé, ẹ wá Selec-Trac.

Ó máa ń sọ púpọ̀. Tí síárìn bá ń gbọ̀n rìrì lẹ́yìn tí ẹ wọ kòtò lórí eré, àwọn irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú ti ń ṣí. Tí rédíétọ̀ rẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, bá ti dí, abẹ́rẹ́ ìgbóná á sọ fún yín nínú gosilóò. Sẹ́ńsọ̀ kráńkì, ìyẹn ohun kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, ni kì í sọ. Tó bá ti ń kú lọ, ẹ́ńjìnnì tó gbóná á kàn pa lójijì, á sì kọ̀ láti jí. Tó bá tutù tán, á ṣíná bíi pé nǹkankan ò ṣe é. Mẹ́káníkì tí kò mọ̀ ọ́n á máa pààrọ̀ páǹpù epo kiri. Ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni: ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, kí ẹ sì fi òmíràn pa mọ́ sínú búùtù.

Nínú àwọn tó jáde ní 2000 àti 2001, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n rọ mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Tí 0331 bá wà níbẹ̀, irú orí yẹn máa ń sán láàárín sìlíńdà kẹta àti ìkẹrin, omi á sì máa wọnú ọ́ìlì. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Tí ẹ bá rí ìfófò ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ ìdérí rẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ tún ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ sókè. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ jẹ́ ṣáásì, tí ilẹ̀ ẹ̀ bá ti lu, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló lu.

Táyà, fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Mo ra jíìpù kan nígbà kan tó jẹ́ pé táyà rẹ̀ ló wù mí ju ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ: eyín rẹ̀ jìn, ó dúdú, ó ń dán. Lọ́jọ́ kẹta, òjò wínníwínní rọ̀, mo tẹ bírékì, ọkọ̀ sì kàn ń yọ̀ lọ bíi pé wọ́n da omi ọṣẹ sílẹ̀. Ó ku bí ìbú ọwọ́ méjì kí n wọ ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú mi. Nígbà tí mo délé, mo tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Tèmi ti pé ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sínú ni nọ́ńbà náà wà, mo ní láti dùbúlẹ̀ kí n tó rí i.

Ibi tí ọwọ́ mi bá

Ẹni tó ń gbé ìlú, tí kò ní ọkọ̀ mìíràn, Cherokee tó jáde láàárín 1997 sí 1999 ni kó wá: wọ́n ti fi ẹ́ábáàgì méjì sí i, kò sì tíì kan 0331. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ pọ̀, tó ń rin ọ̀nà jíjìn, tí epo ò sì jẹ́ ìṣòro fún, kó ra Land Cruiser, kó sì ṣe iṣẹ́ rọ́bà omi yẹn kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Defender, ẹni tó bá ní ọkọ̀ kejì nílé tó sì fẹ́ràn kí ọwọ́ rẹ̀ máa dúdú ni mo lè gbà níyànjú kó rà á. Mo mọ̀ pé òun ló rẹwà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi náà ṣì máa ń yíjú wò ó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ lọ wò, ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má ṣíná rẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá ṣe débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá tutù, ẹ ní kó ṣíná rẹ̀, kí ẹ̀yin dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà. Èéfín tó dà bí àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ẹ bi wọ́n léèrè omi. Tí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ohun kan wà nínú bó ṣe ń jí láàárọ̀ tí wọn ò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ lọ́la, kí ẹ sì tètè dé ju aago tí ẹ bá dá.